Nígbà Tí Bátìrì Inú Àyà Bá Fẹ́ Tán

Ọkàn ọmọ ènìyàn, òṣìṣẹ́ àtọ̀sán-àtòru tí kì í gba ìsinmi, a-lù-má-gbowó, a-ṣiṣẹ́-má-ráhùn, tí í lù tó ìgbà 100,000 láàárín òwúrọ̀ ọjọ́ kan sí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì láìjẹ́ pé olówó rẹ̀ fura, kì í ṣàdédé lù. Ẹran kékeré kan wà ní yàrá òkè, lápá ọ̀tún rẹ̀, tí í máa rán iná mànàmáná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ jáde. Iná yìí á gba ọ̀nà tirẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí àwọn yàrá ìsàlẹ̀, bí ó bá sì ti kàn wọ́n báyìí ni wọ́n á fún pọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ á tú jáde lọ sí gbogbo ara. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ogbó tàbí àìsàn bá sọ ẹran yìí di ọ̀lẹ, tàbí tí ó bá dí ọ̀nà tí iná ń gbà sọ̀, ọkàn tí ń lù ní ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan lè rọ̀ sílẹ̀ di 30; òòyì á máa kọ́ ẹni náà, ìrìn láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé á di iṣẹ́ ńlá, yóò sì ṣubú lulẹ̀ lọ́jọ́ kan láàárín ọjà tàbí nínú ilé ìjọsìn, àwọn ará ilé á sì máa wá ẹni tó fi ṣe é. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwọn dókítà ń fi pésímékà sí láyà, ìyẹn ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí í jókòó sábẹ́ awọ, nísàlẹ̀ egungun tó so ọrùn mọ́ èjìká, tí wáyà kan tàbí méjì ti ara rẹ̀ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọ ọkàn lọ, tí í máa ṣọ́ ọkàn náà, tí í sì máa ta á jí nígbàkígbà tó bá fẹ́ gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yìí síni lára kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ ìgbà kejì ni, nígbà tí ọdún ti gorí ọdún, tí ẹni tó ni àyà ti gbàgbé pé nǹkan kan wà níbẹ̀, tí dókítà wá sọ fún un pé bátìrì ti fẹ́ tán, pé wọ́n á yọ ti àtijọ́, wọ́n á sì fi tuntun dípò rẹ̀. Ẹ̀rù tí í ba àwọn ènìyàn nígbà náà kì í ṣe kékeré, kò sì yà mí lẹ́nu. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ibi tí ewu kò pọ̀ sí ni wọ́n máa ń kó gbogbo ẹ̀rù wọn lọ, tí wọ́n á sì fojú fo ibi tí ewu gan-an lúgọ sí.

Pípààrọ̀ ẹ̀rọ yìí kì í ṣe àṣà tuntun. Òun àti fífi ẹ̀rọ náà síni lára, ìgbà kan náà ni wọ́n dáyé. Ní ọdún 1958, ní ilẹ̀ Sweden, ọkùnrin ẹni ọdún 43 kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Arne Larsson. Àìsàn ti ba ọ̀nà iná inú ọkàn rẹ̀ jẹ́, ó ń dákú ní ogún ìgbà sí ọgbọ̀n ìgbà lójúmọ́. Àwọn àgbà ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú, ṣùgbọ́n àìsàn tirẹ̀ ti sún mọ́ ikú débi pé kò sí ẹni tó lè fi ìka sí ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Else-Marie, obìnrin bí ọkùnrin, gbọ́ pé oníṣẹ́ abẹ kan, Åke Senning, ní ọsibítù Karolinska nítòsí Stockholm, àti ẹlẹ́rọ kan, Rune Elmqvist, ń dán ẹ̀rọ kan wò lára ẹranko, ó sì tọ̀ wọ́n lọ. Wọ́n ní iṣẹ́ náà kò tíì pé débi tí a lè fi í sí ènìyàn lára. Ó ní kí wọ́n yára ṣe é pé. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ tó ń bọ̀, títí tí Elmqvist fi kó àwọn ohun inú ẹ̀rọ náà jọ, tí ó da oje tí í gan padà lé wọn lórí nínú agolo Kiwi, irú agolo kan náà tí ìyá ọmọ fi ń kun bàtà ilé-ìwé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé ní Ìbàdàn àti ní Èkó. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún náà ni Senning fi í sí Larsson lára. Wákàtí mélòó kan péré ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn lò tí ó fi dáṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n fi èkejì rọ́pò rẹ̀.

Larsson wá di ògbólógbòó nínú pípààrọ̀ pésímékà: ó lò ju 20 lọ kí ó tó fi ayé sílẹ̀. Elmqvist kú ní 1996, Senning kú ní 2000. Larsson tí ikú ti ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọgbọ̀n ìgbà lójúmọ́ sì wà láàyè di òpin ọdún 2001, ẹni ọdún 86, nígbà tí jẹjẹrẹ pa á. Ọkàn rẹ̀ kọ́ ló pa á.

Ohun tó fà á tí ó fi pààrọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn ẹ̀rọ ìgbà náà kì í tọ́jọ́. Bátìrì tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò ní àwọn ọdún 1960 kì í lò ju bí ọdún méjì lọ. Ìgbà tí Wilson Greatbatch, ará Amẹ́ríkà, mú bátìrì lithium wọ inú iṣẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni nǹkan yí padà. Lónìí, ẹ̀rọ kan á lò tó ọdún mẹ́jọ sí méjìlá. Òmíràn kò tó bẹ́ẹ̀, òmíràn sì jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọkàn tó gbára lé ẹ̀rọ ní gbogbo ìgbà á jẹ bátìrì ju èyí tó kàn ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan máa ń bi dókítà pé kí ló dé tí wọn kò kàn ṣí i kí wọ́n ju bátìrì tuntun sí i. Inú irin titanium ni bátìrì náà wà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kékeré tí ń darí rẹ̀, wọ́n sì ti jó irin náà pa yíká kí omi ara má baà rí àyè wọlé. Ó dàbí tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti jó ìdérí rẹ̀ pa láti ilé iṣẹ́, àfi kí a ra òmíràn. Wáyà tó wà nínú ọkàn ni kì í sábà kúrò níbi tó wà. Ó ti pẹ́ níbẹ̀, ara ti hù bò ó, ó ti lẹ̀ mọ́ ẹran ọkàn àti ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, fífà á jáde sì jẹ́ iṣẹ́ mìíràn tó le ju èyí lọ fíìfíì; nítorí náà, bí wáyà bá ṣì dára, òun kan náà ni wọ́n á so mọ́ ẹ̀rọ tuntun. Èyí ni ó mú kí ìgbà kejì fúyẹ́ ju ìgbà àkọ́kọ́ lọ: wọn kò ní ki wáyà bọ inú ọkàn mọ́.

Bátìrì yìí kì í dédé kú. Lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni ó yẹ kí ẹni tó ní pésímékà lọ fún àyẹ̀wò, níbi tí wọ́n á ti gbé ohun pẹlẹbẹ kan lé àyà rẹ̀, àní lórí aṣọ pàápàá, tí ẹ̀rọ inú á sì máa rò fún kọ̀ǹpútà ìta: iye ìgbà tó ti bá ọkàn lù, bí ara wáyà ṣe le sí, iye agbára tó kù nínú bátìrì. Wọ́n lè mú kí ọkàn náà sáré díẹ̀, kí wọ́n tún jẹ́ kó rọra. Aláìsàn á mọ̀ ọ́n lára, kò ní dùn ún, kò sì ní pẹ́. Bí agbára bátìrì bá ti rẹlẹ̀ dé ìwọ̀n kan, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò ké gbàjarè, tí wọ́n á rí i nínú àyẹ̀wò, bí oṣù mẹ́ta ni ó sì sábà máa ń ṣẹ́kù nígbà náà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ, ṣùgbọ́n arọ náà ní láti wà níbi tí wọ́n ti ń kéde ogun. Ẹni tó fi àyẹ̀wò sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta nítorí pé ara rẹ̀ le, tó ń sọ pé òun kò ní lọ fi ẹsẹ̀ òun wá àìsàn lọ sí ọsibítù, ni bátìrì í tán mọ́ láyà lójijì. Ewu gidi àkọ́kọ́ nìyẹn, kò sì sí ọ̀bẹ kan nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó wé mọ́ ọn. Òkèèrè ni wọ́n ti ń kó ẹ̀rọ yìí wá sí Nàìjíríà, owó rẹ̀ kò sì sí ní ìwọ̀n ohun tí ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lè fà yọ nínú àpò lọ́sàn-án kan, yálà ọsibítù UCH ní Ìbàdàn ni ó ti fẹ́ ṣe é tàbí LASUTH ní Ìkẹjà. Èrò tèmi ni pé bí àyẹ̀wò bá ti fi hàn pé ó ku ọdún méjì, kí àwọn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó jọ. Oṣù mẹ́ta tó fún wíwá dókítà, kò tó fún wíwá owó.

Bí ọjọ́ bá wá kò, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fún àyẹ̀wò, wọ́n á ní kí ó má jẹun fún bí wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì béèrè gbogbo oògùn tó ń lò. Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ti ń pa irọ́ tí kò ní èrè. Oògùn àtọ̀gbẹ ní láti yí padà ní ọjọ́ tí a kò bá jẹun. Àgbo tí ènìyàn ń mu ní kọ̀rọ̀ yẹ kí dókítà mọ̀ sí i, kí ojú má sì ti ẹnikẹ́ni. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni ó sì ṣe pàtàkì jù. Nígbà kan rí, ńṣe ni wọ́n ń dá warfarin, ọ̀kan nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀, dúró, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ heparin dípò rẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Ìwádìí kan tí àwọn dókítà Canada ṣáájú nínú rẹ̀, tí wọ́n gbé jáde ní 2013, fi hàn pé àwọn tó ń bá warfarin wọn lọ kò ní ẹ̀jẹ̀ tó dá wú sójú ibẹ̀ tó àwọn tí wọ́n gbé sórí heparin. Nítorí náà, aláìsàn kò gbọdọ̀ dá oògùn rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fi ti aládùúgbò rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ; kí ó béèrè, kí ó sì ṣe ohun tí wọ́n bá sọ.

Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n á lẹ ohun tí yóò máa fi ìlù ọkàn rẹ̀ hàn mọ́ ọn lára, wọ́n á sì ti inú iṣan ọwọ́ rẹ̀ fún un ní oògùn apakòkòrò kí ọ̀bẹ tó kan awọ. Oògùn tí wọ́n á fi fọ àyà tutù rínrin. Aṣọ tí wọ́n á fi bò ó á gba ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ kọjá, tó fi jẹ́ pé ohun tí yóò máa rí kò ju aṣọ náà àti ojú nọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Kì í sábà sí oorun àsùn-ùn-mọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n lè fún un ní oògùn tí yóò mú kí ara rẹ̀ rọ̀, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tí ń pa ojú ibẹ̀ kú ni gbòógì. “Bàbá, ẹ ó gbọ́ ọ bí yóò ṣe ta yín díẹ̀ o,” ni dókítà á wí, ó sì máa ń ta ni lóòótọ́, fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó kù kò ju títẹ̀ àti fífà lọ. Ó pọ̀ ẹni tó máa ń béèrè pé, “Dókítà, ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ báyìí?” nígbà tí ẹ̀rọ àtijọ́ ti wà nínú àwo.

Ojú àpá àtijọ́, tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ni wọ́n á gbà wọlé. Ara ti hun àpò líle kan yí ẹ̀rọ náà ká láti ọjọ́ yìí wá, wáyà sì ti ká mọ́ ìdí rẹ̀ nínú àpò náà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni oníṣẹ́ abẹ náà fi ń la àpò yìí, nítorí bí ó bá ṣèèṣì ya awọ wáyà, iṣẹ́ kékeré á di ńlá mọ́ ọn lọ́wọ́. Irin gbígbóná tí wọ́n fi ń dí ojú ẹ̀jẹ̀ lè mú kí òórùn jíjó kan aláìsàn nímú. Kí ó má jáyà, kò sí ohun tó bàjẹ́. Wọ́n á fa ẹ̀rọ jáde, wọ́n á fi ṣùkùrù kékeré kan tú ìdè wáyà, wọ́n á sì dán wáyà kọ̀ọ̀kan wò: ṣé ó ṣì ń gbọ́ ọkàn dáadáa, ṣé iná díẹ̀ ṣì tó láti ta ọkàn jí, ṣé kò já níbì kankan? Bí ọ̀kan bá kùnà, wọ́n lè ní láti fi wáyà tuntun sí i, iṣẹ́ á sì gùn ju bí wọ́n ti rò lọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, wọ́n á ki wáyà bọ ẹnu ẹ̀rọ tuntun, wọ́n á yí ìdè rẹ̀ títí yóò fi dún kẹ́, wọ́n á sì fa wáyà náà díẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó dì mú. Wọ́n á fọ inú àpò náà mọ́, wọ́n á dá ẹ̀rọ padà, wọ́n á fi òwú tí í yọ́ fúnra rẹ̀ rán an. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, ó ti parí, ọ̀pọ̀ sì ń sùn sílé wọn lóru ọjọ́ náà.

Ibi tí wọ́n ti ń tú wáyà ni ẹ̀rù ti ń ba gbogbo ayé. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ṣé ọkàn kò ní dúró? Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń gbìyànjú fúnra rẹ̀ kò ní mọ̀ pé wọ́n tú ohunkóhun. Ẹni tí tirẹ̀ kò lè dá lù rárá, àyẹ̀wò ti fi í hàn tipẹ́ kí wọ́n tó gbé e dé orí tábìlì, wọ́n á sì ti pèsè ohun mìíràn tí yóò máa bá ọkàn rẹ̀ lù fún ìgbà díẹ̀ náà, yálà wáyà onígbà díẹ̀ tí wọ́n ti inú iṣan itan tàbí ti ọrùn kì bọ̀ ọ́, tàbí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn láyà. Ewu yìí ni àwọn tó wà nínú yàrá náà ti múra dè jù lọ, ìdí sì nìyí tí n kò fi kà á sí ohun tí aláìsàn gbọ́dọ̀ tìtorí rẹ̀ pàdánù oorun.

Ewu tó yẹ kó máa rò ni ti àpò inú àyà yẹn lẹ́yìn tó bá délé. Àpá tí a tún là lẹ́ẹ̀kejì kì í ní ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nínú bíi ti ara tuntun, nítorí náà kòkòrò àrùn máa ń tètè rí ibùgbé níbẹ̀ ju ti ìgbà àkọ́kọ́ lọ. Bí ẹni kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí kò ní fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún: bí kòkòrò bá ti dé ara ẹ̀rọ, oògùn nìkan kò ká a mọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ẹ̀rọ àti wáyà pátápátá, àní wáyà tó ti lẹ̀ mọ́ ọkàn láti ọdún mẹ́wàá. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kí ojú ọgbẹ́ gbẹ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí omi ìwẹ̀ má kàn án títí dókítà á fi ní ó tó. Kí ẹnikẹ́ni má fi òrí tàbí àdí pa á, kí ìyá àgbà má fi omi gbígbóná jó o, bó ti wù kí ìfẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó. Wíwú díẹ̀ àti ojú ibẹ̀ tó dúdú díẹ̀ kì í ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń wú sí i, tí ó pọ́n, tí ó gbóná, tí omi tàbí ọyún ń jáde, tàbí tí ibà dé, kí ó padà síbi tí wọ́n ti ṣe é ní ọjọ́ náà gan-an. Mo tẹnu mọ́ ibi tí wọ́n ti ṣe é, nítorí pé àwọn onílé-oògùn àdúgbò kan wà tí yóò rí wíwú yìí tí wọ́n á fẹ́ fi abẹ́rẹ́ fa ohun inú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ yẹn ni kòkòrò fi í wọlé.

Àwọn ìyókù kò le. Ẹni tí wọn kò fi wáyà tuntun sí lára lè tètè máa lo apá rẹ̀, àfi kí ó má gbé ẹrù wúwo títí ọgbẹ́ á fi jinná. Ẹni tí wọ́n fi wáyà tuntun sí ni wọn kì í jẹ́ kó gbé ìgúnpá rẹ̀ ga ju èjìká lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Àwọn ènìyàn wa tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ibẹ̀ ní kí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ti ara rẹ̀ má wà á fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn pípààrọ̀. Kí fóònù jìnnà sí ẹ̀rọ náà tó ìbú ọwọ́ méjì, kí a má sì fi í sí àpò àyà, nítorí òòfà tó wà nínú fóònù ìsinsìnyí lè ṣi ẹ̀rọ lọ́nà. Ẹni tó ń fi iná jó irin pọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àwọn kan máa ń fẹ́ gba ẹ̀rọ àtijọ́ wálé. Kí wọ́n béèrè. Ọsibítù kan á fún wọn, òmíràn kò ní fún wọn. Ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà kan ń kó ẹ̀rọ tí agbára ṣì wà nínú rẹ̀ jọ láti ara àwọn tó ti kú, tí ẹbí wọn fọwọ́ sí i, wọ́n ń fọ̀ wọ́n mọ́, wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò, láti fi ran àwọn tí kò lówó ní ilẹ̀ òkèèrè lọ́wọ́. Èyí tí bátìrì rẹ̀ ti tán kò sí lára èyí tí wọ́n ń wá. Ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sun òkú, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ pésímékà kúrò lára òkú, nítorí bátìrì rẹ̀ á bú gbàmù nínú iná. Àwa tí à ń sin òkú wa sínú ilẹ̀ kò ní wàhálà yẹn.

Kí aláìsàn tó kúrò ní ọsibítù, kí ó gba káàdì tuntun, èyí tí orúkọ ẹ̀rọ, nọ́ńbà rẹ̀, irú wáyà tó wà nínú ọkàn àti ọjọ́ tí wọ́n fi í sí i wà lórí rẹ̀. Òun ni yóò fi han àwọn aṣọ́bodè ní pápákọ̀ òfurufú kí wọ́n má baà gbé irin àyẹ̀wò ọwọ́ wọn dúró lé e láyà, òun náà sì ni dókítà mìíràn yóò wò kí ó tó tì í bọ inú ẹ̀rọ MRI tí í fi òòfà ya àwòrán inú ara, nítorí ẹ̀rọ kan wà tí ó lè bá a wọlé, òmíràn sì wà tí kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Kí ó ya ti àtijọ́ dànù. Nọ́ńbà orí rẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀rọ tó wà láyà rẹ̀ mọ́.